Àbúrò mi tí mo bá yodì fún ọdún mẹ́fà, ṣé kí n bá a lọ sídìí sàréè Màmá wa?

Àṣàkẹ́Ìwó:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún níbí tí kò ní kọ́kọ́ bi mí pé ta ló jẹ̀bi.

Àwa méjì péré ni Màmá wa bí, ọmọ Ìwó ni wá. Ilé ìmàle ni Màmá ti wá, ìgbà tí wọ́n fẹ́ Bàbá ni wọ́n tẹ̀lé wọn lọ sí Ańgílíkà, ìgbà tí Bàbá wá kú wọ́n padà sídìí kéú wọn, wọ́n ń bá ẹgbẹ́ Àṣàlátù ṣe, àbúrò mi ọkùnrin sì bá wọn padà. Èmi dúró sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìjà níbẹ̀ o, a jọ ń jẹran iléyá, a jọ ń jẹ ráìsì Kérésì, ẹ̀yin náà mọ bí ilé wa ṣe ń rí.

2019 ni ìjà dé. Mo ti wà ní Manchester nígbà yẹn, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Màmá kú láàárọ̀, kó tó dalẹ́ wọ́n ti sin wọ́n. Ọjọ́ kan náà! Mo jí lójú oorun ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ohun tí mo rí lórí fóònù ni fọ́tò ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ́ tẹ́. Mi ò rójú ìyá mi. Mo pe àbúrò mi, èébú tí mo bú u lọ́jọ́ yẹn mi ò lè kọ ọ́ síbí, mo ní kó má pe nọ́ńbà mi mọ́ láyé. Ó sì gbọ́ràn, kò pè.

Ẹ jẹ́ n sọ ó báyìí kó tó di pé ojú tì mí. Kí wọ́n tó sin wọ́n, ẹ̀ẹ̀meje ló pè mí. Mo ti fi fóònù sí sáílẹ́ǹtì kí n lè sùn. Mo rí ìpè méjèèje yẹn nígbà tí mo jí, kí n tiẹ̀ tó rí fọ́tò, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọkọ mi.

Ó wá di March ọdún 2025. Àwọn Mùsùlùmí ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù, Lẹ́ńtì tiwa bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún. Màmá òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ wa tí ìyè wọn ti ń rá, alaalẹ́ ni wọ́n máa ń fi orúkọ àbúrò wọn pè mí, wọ́n á ní kí n jọ̀ọ́ kí n má bínú sí àwọn mọ́. Èmi náà á ní mi ò bínú, kí wọ́n lè sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí ẹnu mi kọ̀, kò sọ ọ́. Mo kàn dúró síbẹ̀ tí mo di bẹ́líìtì kẹ̀kẹ́ wọn mú.

Mo lọ jókòó ní kíṣìnnì, aago mẹ́ta ààbọ̀ òru. Mo ṣí WhatsApp, mo wá orúkọ ẹ̀ jáde, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ̀ ẹ́ pé "O ò tíì sùn?" Kò tó ìṣẹ́jú kan ló dáhùn: "Sàárì ni ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀wà ni." Ẹ gbà mí, ọdún mẹ́fà o, ó ń sọ oúnjẹ tó ń jẹ fún mi bí ẹni pé àná la jọ sọ̀rọ̀! Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀.

Bó ṣe di pé a ń sọ̀rọ̀ lálaalẹ́ nìyẹn, aago mẹ́ta ààbọ̀ tèmi, mẹ́rin ààbọ̀ tiwọn, títí bréèkì mi á fi tán. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù àti jẹnẹrétọ̀ nìkan là ń sọ, àwa méjèèjì ń yẹra fún sàréè. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní Súrà Yúsúfù lòun ń kà. Èmi náà ń ka Jẹ́nẹ́sísì lọ́wọ́ nítorí Lẹ́ńtì. Ó ní kí ni Jósẹ́fù tiwa sọ nígbà tó fara han àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Mo kà á fún un, pé ohun tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni bóyá bàbá òun ṣì wà láàyè. Òun náà ka tiẹ̀, ibi tí Yúsúfù ti ní kò sí ìbáwí kankan fún yín lónìí. A wá dákẹ́. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ là, mo ní, "Ẹ̀ẹ̀meje lo pè mí." Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀ ń sùn ni."

Ó wá ní ẹ̀yìn ìrun Àìlà làwọn àlùfáà fẹ́ sin wọ́n, òun ló bẹ̀ wọ́n títí ó fi di Àlàásárì, òun ń sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ò tíì gbé fóònù. Òun náà ló wọ inú kòtò lọ gba Màmá sílẹ̀, fóònù ẹ̀ wà lápò agbádá tó bọ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́ lókè, ó ní òun ń tẹ́tí bóyá á dún.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń kúnlẹ̀ sọ fún Ọlọ́run pé kó wo ohun tí wọ́n ṣe fún mi, mi ò sọ ọ̀rọ̀ sáílẹ́ǹtì yẹn fún Un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ń tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ fún Ọlọ́run, ẹ gbọ́ o! Òru ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà, mo lè sọ bẹ́ẹ̀.

(March 30 ni ìtúnu bọ́ sí, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n yí aago níbí, aago wa wá dọ́gba pẹ̀lú ti Nàìjíríà. Ó kàn wù mí kí n sọ ọ́ ni.)

Ìbéèrè mi rè é. Mo ń bọ̀ nílé ní December. Ó fẹ́ kí àwọn àlùfáà ṣe àdúrà fún Màmá nídìí sàréè, kí èmi náà dúró níbẹ̀. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa ní mi ò gbọ́dọ̀ dé bẹ̀, pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹnu Mùsùlùmí wá, kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí?

Ìyá Hàbíbá:
Àǹtí mi, ẹ lọ o jàre. Ànábì sọ pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí bá ọmọ ìyá ẹ̀ yodì kọjá ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ kí èkejì ló sàn jù nínú wọn. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ sì gba laádá yẹn, bẹ́ẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni yín, àbúrò yín ló yẹ kó máa jowú 😂. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ kírun. Ẹ fi ìborùn borí, ẹ jókòó, kí ẹ ṣe tiyín sínú.

Àti pé ẹ má fojú kékeré wo Àìlà dé Àlàásárì yẹn o. Ẹni tó bá mọ bí àwọn àlùfáà wa ṣe máa ń kánjú sìnkú ló mọ ohun tójú ọmọ yẹn rí.

Mẹkáníìkì_Òṣogbo:
Gbogbo yín ti ń sunkún, èmi fẹ́ bi yín lọ́rọ̀ kan: ilé ńkọ́? Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi náà parí ìjà lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wa, a dì mọ́ra, a jọ jẹ iyán nínú abọ́ kan náà, kò pé oṣù mẹ́ta ó gbé ìwé ilẹ̀ jáde tí orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ dídùn nìkan la jọ sọ. Mi ò ní àbúrò yín jọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ ò bá sọ nídìí sàárì, ẹ máa sọ ọ́ ní kóòtù. Ẹ bi í kó tó di December.

Adùkẹ́_tí_ń_ránṣọ:
Mátíù orí 5, ẹsẹ 23 àti 24. Jésù ní kéèyàn fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ kó lọ bá arákùnrin ẹ̀ làjà ná, kò ní kó kọ́kọ́ bi í bóyá Ańgílíkà ni. Ẹ ka ìyẹn fún ìyá àdúrà yín.

Màmá òyìnbó yẹn ńkọ́?

Àṣàkẹ́Ìwó:
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Bọ̀dá Mẹkáníìkì, inú kọ́kọ́ bí mi sí yín, mi ò ní purọ́, àmọ́ mo bi í lánàá. Ó ní ilé ń jò, páànù ẹ̀yìn ni òun ń fowó jọ fún, kí n fi tèmi kún un kí orúkọ àwa méjèèjì lè wà lórí ìwé. Ó ní yàrá mi wà bó ṣe wà, àpótí Màmá nìkan lòun gbé síbẹ̀, òun ò tíì ṣí i. Mo ní kí ló dé. Ó ní kò yẹ kí òun nìkan ṣí i.

Màmá òyìnbó ṣì ń pè mí lórúkọ àbúrò wọn. Mo ti ń dá wọn lóhùn báyìí.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní ẹ̀wà lòun máa sè dè mí.