Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá owó oúnjẹ aṣaralóore jáde?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kúbwà ní Àbújá ni mò ń gbé, mo sì wà lára àwọn òbí mélòó kan tó ń tọpasẹ̀ owó tí ìjọba ń yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ aṣaralóore àwọn ọmọdé àti ìwádìí lórí rẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé níṣojú mi ni nọ́ọ̀sì fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá ọmọ aládùúgbò wa kan, tó bọ́ sí ibi pupa, ìyẹn ìsàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 11.5, tó fi hàn pé àìjẹunre-kánú ọmọ náà ti le gan-an, ṣùgbọ́n páálí òfìfo ló kù níbi tí wọ́n ń kó oúnjẹ ìtọ́jú ẹlẹ́pà sí.

A ti ka ìwé ètò ìṣúná. Owó wà nínú rẹ̀, àmọ́ owó tí a kọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí owó tó jáde. A kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011, tó fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Nígbà tí a lọ síbẹ̀, “fáìlì yín wà lórí tábìlì ọ̀gá” ni akọ̀wé ń sọ (tábìlì náà á mà tóbi o). Òfin náà fún wa ní ọjọ́ 30 láti gba ilé ẹjọ́ lọ, àmọ́ a kò lówó agbẹjọ́rò.

Ìbéèrè mi ni pé, kí ọjọ́ náà tó pé, ṣé ká kọ ìwé ìránnilétí ni, àbí ká tọ ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin lọ?

Ẹ fọwọ́ wọ́nú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.