Ọjọ́ tí káàdì mẹ́ta péré kù lórí pátákó: ẹ wá sọ ìrírí yín pẹ̀lú pọ́tàlì

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ohio

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kóòṣì bọ́ọ̀lù agbọ̀n ní yunifásítì kékeré kan níbí. Igbákejì ni mí, èmi kọ́ ni ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ pọ́tàlì, ibi tí agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ti ń forúkọ sílẹ̀ láti kúrò nílé ìwé kan lọ sí òmíì, ni mo gbé wá, torí mo mọ̀ pé àwọn òbí wà láàárín wa, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà wà níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Pátákó irin kan wà lára ògiri ọ́fíìsì wa. Káàdì pẹlẹbẹ la máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sí, mágínẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn rẹ̀, a sì máa ń sún un kiri. Márùn-ún tó máa kọ́kọ́ wọlé wà lókè, àwọn tó kù wà nísàlẹ̀. Nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀, káàdì 13 ló wà níbẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 2023 la gbá ìdíje wa tó kẹ́yìn. Ọmọ mẹ́rin ti lo ọdún tí òfin gbà kí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù tán. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́fà ti wọ pọ́tàlì. Mo ka ohun tó ṣẹ́kù lórí pátákó, mẹ́ta ni.

Fún ẹni tí kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ọmọ tó bá fẹ́ kúrò á lọ sọ fún ọ́fíìsì tó ń rí sí òfin NCAA (àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà) nílé ìwé rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú pọ́tàlì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Bó bá ti wọlé báyìí, kóòṣì ibikíbi lè pè é. Oṣù Kẹwàá 2018 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọ ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé ìwé tó fẹ́ fi sílẹ̀, wọ́n sì lè ní àwọn ò gbà. Bó tilẹ̀ rí ibòmíì lọ, á jókòó ọdún kan gbáko kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú ìdíje. Ọdún 2021 ni wọ́n yọ̀ǹda pé kí ọmọ kó lọ lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Oṣù Keje ọdún yẹn náà ni wọ́n gbà kí wọ́n máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní NIL. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tún dá sí i, tó fi di oṣù Kẹrin 2024, kò sí iye ìgbà mọ́. Bí ìwé rẹ bá ti dára, máa lọ. Mi ò lòdì sí i o. Ìgbà tó bá wu kóòṣì ló ń kó ẹrù rẹ̀ lọ síbi tówó gbé pọ̀, kí ló dé tí ọmọ ò ní lè lọ?

Àṣìṣe tiwa rèé. Ọ̀gá ní ká wá àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kó ọmọ mẹ́wàá jọ. Ẹ bá rí pọ́íǹtì tí kálukú ní níbi tó ti ń bọ̀, ẹ ó pàtẹ́wọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn pátá ló jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni bọ́ọ̀lù ń wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹyọ kan la sì ní. Wọ́n lù wá bí ẹni lu bàrà lọ́dún náà.

Ìgbà tí mẹ́wàá yẹn sì pé, a tún ní láti wá ìkọkànlá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí dòní.

Nínú àwọn mẹ́ta tó kù, ọ̀kan wà tó ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ wa. Pọ́íǹtì rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun la máa ń rán sí ẹni tó bá mú jù lọ nínú ẹgbẹ́ tó bá wá bá wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a wà lórí Zoom pẹ̀lú ọmọ kan tí a kò rí sójú rí àti bàbá rẹ̀. Dígí ni ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa. Ọmọ wa yìí jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó gbé ọ̀rá yìnyín lé orúnkún. Bàbá orí Zoom bi wá pé ipò wo la máa fi ọmọ òun sí. A sún káàdì ọmọ wa kúrò lókè, a gbé e sísàlẹ̀ pátápátá, a lẹ orúkọ àlejò mọ́ àyè rẹ̀, a wá kọjú kámẹ́rà sí i kí bàbá náà lè fojú rí i. Nígbà tí a máa fi jáde, kò sẹ́nì kan lórí àtẹ̀gùn mọ́, ojú ibi tí yìnyín ti kán ló tutù. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà ní ọ́fíìsì òfin NCAA láti wọ pọ́tàlì.

Láti ọjọ́ tí àwọn mẹ́fà ti lọ, ọjọ́ 19, kò sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó bá a sọ ju “báwo lorúnkún?” lọ. Bẹ́ẹ̀ orí fóònù la ń sùn tí a ń jí sí, a ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Ní 2024, márùn-ún tún lọ. A yí ìbéèrè padà. Mo máa ń pe ẹni tó ń fún àwọn ọmọ ní ìtọ́jú eegun níbi tí ọmọ náà ti ń bọ̀, mo máa ń wo fídíò ìṣẹ́jú tí kò sí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ó ń sá padà sẹ́yìn, àbí ó dúró ó ń wojú rẹfirí? Mo tún kọ́ ọgbọ́n kan lọ́dọ̀ ìyá kan ní Maryland. Mo pè é, mo ní, “Ẹ káalẹ́ mà.” Ó gbọ́ ohùn mi, ó ní, “Ọmọ ibo ni ẹ́?” Mo ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mà. Ó ní, “Ó dáa. Kírẹ́díìtì mélòó lẹ máa gbà nínú èyí tí ọmọ mi ti ní?” Ẹnu mi wọ. Mo ti mọ iye ìgbà tí ọmọ náà jù láti ọ̀ọ́kán tó wọlé, mi ò mọ ẹ̀kọ́ tó ń kọ́. Mo ní ẹ má bínú mà, mo máa pè yín láàárọ̀. Mo lọ bá ẹni tó ń rí sí ìwé, mo pè é padà ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà wá. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá agbábọ́ọ̀lù, Houston

Ẹ ṣeun bùọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tó wà lódìkejì fóònù.

Ọmọ mi pè mí ní oṣù Kẹrin 2024, ó ní, “Mọ́mì, mo ti wọ pọ́tàlì.” Mo rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti fi lù ú ní jìbìtì. Ọjọ́ 45 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún kíkọ orúkọ lọ́dún yẹn (2023, ọjọ́ 60 ni, ó sì ti di 30 ní 2025, wọ́n ń gé e kúrú ni). Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìpè 11 wọlé. Inú ilé dùn, bàbá rẹ̀ ra ẹran. Ọjọ́ kẹta, ìpè méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, fóònù dákẹ́.

Ohun tí wọn kì í sọ fún òbí ni pé bí ọmọ bá ti wọ pọ́tàlì, ilé ìwé tó ń fi sílẹ̀ lè gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ bá parí, kí wọ́n fún ẹlòmíì. Kò sí ẹ̀yìn láti padà sí. Ilé ìwé kan ní ká máa bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ẹlòmíì ti gba àyè náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ o, wọn ò pè. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni ọmọ mi fi gbé fóònù lé àyà sùn. Mo máa ń dìde lóru lọ wò ó, iná fóònù á máa tàn sí i lójú.

Èmi àti bàbá rẹ̀ jà sí i. Bàbá rẹ̀ ń ka Ayo Dosunmu sí i létí: ọmọ tiwa, ọdún mẹ́ta ló lò ní Illinois, kò kúrò níbẹ̀ títí Chicago Bulls fi mú un ní 2021. Èmi náà ń ka Michael Ajayi padà sí i: Pierce, Pepperdine, ó tún ń lọ sí Gonzaga (ó ti dé Butler lẹ́yìn náà, ilé ìwé mẹ́rin), ó sì ń gbèrú. Ọmọ gbọ́ wa títí, ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, èmi kọ́ ni wọ́n.”

Ó rí ibìkan níkẹyìn. Kírẹ́díìtì 12 ló ṣòfò. Nítorí náà bùọ̀dá, ìyá Maryland yẹn, ẹ bá mi kí i. Ẹ sì dákun, kí lẹ ṣe nípa ọmọ orí àtẹ̀gùn yẹn?

Ọmọ Ìbàdàn, Texas

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé ìwé girama ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí sìmẹ́ǹtì ní Ìbàdàn kí n tó dé ibí. Mo ti wọ pọ́tàlì lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó bá wá láti òkèèrè, ìṣòro tiẹ̀ yàtọ̀. Físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, la fi wà níbí. Mi ò kàn lè kó aṣọ mi kí n lọ. Ilé ìwé tí mo ń fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé àkọsílẹ̀ mi nínú SEVIS, ibi tí ìjọba ń kọ akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè sí, lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tuntun, àwọn tuntun gbọ́dọ̀ ṣe I-20 mìíràn, ìwé tí físà wa dúró lé, fún mi, gbogbo rẹ̀ ló sì ní ọjọ́. Bí ọjọ́ bá kọjá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ló bọ́, àyè tí mo ní láti wà nílùú yìí náà lè bọ́.

Owó ńkọ́? Físà wa kò fún wa láyè láti ṣiṣẹ́ bó ṣe wù wá, NIL sì dà bí iṣẹ́ lójú òfin wọn. Mo jókòó ní yàrá ìmúra, ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi ń fi mọ́tò tuntun hàn wá lórí fóònù, ẹni tó wà lósì ń sọ iye tí wọ́n fún un fún ìpolówó ilé oúnjẹ. Èmi ni mo gba bọ́ọ̀lù tó ta padà jù lọ nínú ẹgbẹ́ náà, mi ò gba kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ẹjọ́ House tí àwọn eléré pe NCAA, oṣù Kẹfà 2025, ilé ìwé fúnra wọn lè san owó fún àwọn eléré wọn, kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ fún ilé ìwé kan lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo eré ìdárayá pọ̀. Àwa onífísà ṣì ń bi lọ́yà ká tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Kóòṣì méje ló bá mi sọ̀rọ̀. Mẹ́fà sọ iye ìṣẹ́jú tí màá gbá. Ọ̀kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ bèèrè pé, “Ọjọ́ wo ni I-20 rẹ máa parí?” Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo lọ.

Olùwòran, Lexington

Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi ò mọ nǹkan kan ju wíwò lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yunifásítì Kentucky lẹ̀mí mi. Ní oṣù Kẹrin 2024, kóòṣì wa Calipari tó ti lo ọdún 15 lọ́dọ̀ wa kó lọ sí Arkansas. Nígbà tí Mark Pope tó rọ́pò rẹ̀ fi máa bẹ̀rẹ̀, kò sí ọmọ ẹlẹ́kọ̀ọ́-ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo tó padà wá. Òdo. (Calipari náà sọ ní Arkansas pé òun pàdé ẹgbẹ́ òun, kò sí ẹgbẹ́.) Mo kọ orúkọ àwọn tuntun sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì kí n lè mọ̀ wọ́n: Lamont Butler láti San Diego State, Otega Oweh láti Oklahoma, Amari Williams ọmọ Nottingham láti Drexel, Andrew Carr, Koby Brea, Jaxson Robinson. Ní oṣù Kọkànlá wọ́n na Duke, mo pariwo títí aládùúgbò fi kanlẹ̀kùn. Wọ́n dé ìpele ẹgbẹ́ 16 nínú ìdíje NCAA kí Tennessee tó dá wọn dúró. Ó wá di ìgbà ìrúwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí fagi lé orúkọ, torí ọ̀pọ̀ wọn ti lo ọdún wọn tán. Nínú márùn-ún tó ń kọ́kọ́ wọlé, Oweh nìkan ló ṣẹ́kù lórí fìríìjì. Mo fẹ́ràn wọn, inú mi sì bàjẹ́ pé mi ò ní wọn pẹ́.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ohio

Mọ́mì Houston, ẹ ṣeun. Ọmọ Ìbàdàn, mo ti kọ ìbéèrè I-20 yẹn sókè pátápátá nínú ìwé mi.

Ẹgbẹ́ ńlá náà ń fi pọ́tàlì kọ́lé o. Florida tó gba ife NCAA 2025, tó na yunifásítì Houston 65 sí 63, gáàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń kọ́kọ́ wọlé fún wọn ló ti ibòmíì wá: Clayton láti Iona, Martin láti Florida Atlantic, Richard láti Belmont. Ṣùgbọ́n Condon àti Haugh tó wà níwájú, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń fi han ọ̀gá mi nìyẹn. Ní báyìí, ọjọ́ kejì tí ìdíje bá parí, kí a tó ṣí pọ́tàlì wò, a máa ń bá àwọn tó wà nílé jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá la fi ń bẹ̀rẹ̀. Pátákó náà sì ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dígí.

Ní ti ọmọ orí àtẹ̀gùn: ó rí ilé ìwé, ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo pè é lọ́dún tó kọjá láti tọrọ àforíjì. Mo ní gbogbo wa la ṣẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Kóòṣì, mo rí ọwọ́ tó sún káàdì yẹn.” Ọwọ́ mi ni.