Ẹ̀yin tísà tó wà ní England: báwo lẹ ṣe ń lo sọ́fítíwíà rípọ́ọ̀tì?

Tísà Tuntun:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí rípọ́ọ̀tì ìparí ọdún fún wa nílé-ìwé. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́, ọgbọ̀n ọmọ sì ni wọ́n. Wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wa lórí sọ́fítíwíà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ wa kàn ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, ojú ewé ń yí gbirigbiri, gbogbo wa kàn ń mi orí ni. Iṣẹ́ tísà kì í ṣe tuntun sí mi, mo ti ṣe é kí n tó dé ìlú yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lórí ahọ́n mi. Ẹ̀rọ yìí gan-an ni mi ò mọ ibi tí mo máa ti mú un. Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ̀yin ti máa ń bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, kú iṣẹ́ o, kú ìrọ́jú. Mẹ́ńtọ̀ ni mí nílé-ìwé tèmi, ìbéèrè yìí kan náà làwọn tuntun máa ń bi mí lọ́dọọdún. Gbàgbé bọ́tìnnì ná. Bọ́tìnnì kọ́ ló ń da tísà tuntun láàmú, ètò iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì ni kò sẹ́ni tó sọ fún un. Lọ bá ẹni tó ń bójú tó rípọ́ọ̀tì nílé-ìwé yín, kí o bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i àti ọjọ́ tí wọ́n máa tì í, iye lẹ́tà tí àpótí kọ́mẹ́ǹtì ń gbà, àti ẹni tó máa kà á kó tó dọ́wọ́ òbí. Bi í pẹ̀lú pé tí o bá ti tẹ "Complete", ṣé o ṣì lè padà ṣàtúnṣe àbí ẹlòmíràn ló máa bá ọ ṣí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tì í.

Lẹ́yìn ìyẹn, mọ ohun tó jẹ́ tìrẹ lórí ojú ewé náà. Orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, iye ìgbà tó wá sílé-ìwé àti iye ìgbà tí kò wá, inú àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì ni sọ́fítíwíà ti ń fà wọ́n wá. Máàkì ń ti inú ìwé máàkì tí o ti ń kún láàárín ọdún wá. Kọ́mẹ́ǹtì nìkan lo máa kọ síbẹ̀ gan-an. Nítorí náà, tí nǹkan bá ṣófo tàbí tó bá lòdì, má bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lójú ewé rípọ́ọ̀tì. Ṣé orúkọ ọmọ ló lòdì? Ọ́fíìsì ni kó tún un ṣe níbi tó ti ń wá, torí tí o bá tún un ṣe nínú kọ́mẹ́ǹtì nìkan, ti òkè á ṣì jáde bó ṣe wà. Ṣé máàkì ni kò jáde? Lọ wò ó bóyá abẹ́ Autumn (sáà kìíní) lo kún un sí dípò Summer (sáà tó kẹ́yìn ọdún). Ti iye ọjọ́ tí ọmọ wá sílé-ìwé, má fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sínú kọ́mẹ́ǹtì rárá. Nọ́ńbà yẹn ṣì ń yí títí di ọjọ́ tí wọ́n máa tẹ rípọ́ọ̀tì jáde, tìrẹ á sì wá ta ko èyí tí ẹ̀rọ fà wá.

Má kọ kọ́mẹ́ǹtì sínú sọ́fítíwíà tààrà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú wọn wà báyìí, tí o bá fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó lè lé ọ jáde láì fi ohun tí o kọ pamọ́. Excel lèmi ń lò. Ìlà kan fún ọmọ kan, kọ́mẹ́ǹtì nínú òpó B, kí o wá kọ =LEN(B2) sínú òpó C, kí o fà á wálẹ̀ dé ọmọ tó kẹ́yìn. Á máa ka lẹ́tà fún ọ bí o ṣe ń kọ. Ó ń ka àlàfo mọ́ ọn o, bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí kọ́mẹ́ǹtì sábà máa ń ṣe. Orí OneDrive tàbí Google Drive tí ilé-ìwé fún ọ ni kí fáìlì náà wà, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ ń lò nílé. Tí o bá fẹ́ gbé e wọlé, Ctrl+Shift+V ni kí o fi lẹ̀ ẹ́, kí àwọ̀ àti ìrísí lẹ́tà tó ti ibòmíràn wá má baà bá a wọlé. Má sì ṣí ọmọ kan náà sójú ewé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí o bá fi pamọ́ gbẹ̀yìn lè pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Bọ̀dá Ìṣirò:
Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ dáadáa fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ti àwa tá a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ tí mò ń kọ́ lé ní igba, mi ò lè máa bẹ̀rẹ̀ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan láti òfo. Comment bank ni mò ń lò: gbólóhùn tí mo ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ní àyè tí ẹ̀rọ máa fi orúkọ ọmọ sí. Àmì àyè yẹn kì í rí bákan náà nínú gbogbo sọ́fítíwíà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, inú àkójọ tí ẹ̀rọ gbé síwájú yín ni kí ẹ ti yàn án, torí lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yẹ̀, "<Forenme> has worked hard" ni òbí máa kà.

Ẹ ṣọ́ he àti she náà. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ọmọ ni ẹ̀rọ ń wò kó tó yan èyí tó máa lò, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá ti fọwọ́ ara yín kọ ọ́, kò ní tún un ṣe fún yín. Àwa tá a ti ń fi "ó" pe tọkùnrin tobìnrin láti kékeré, ojú wa kì í tètè rí i. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń to àwọn ọmọbìnrin síbì kan nínú Excel, màá wá fi Ctrl+F wá "he" tó ní àlàfo níwájú àti lẹ́yìn láàárín tiwọn. Lẹ́yìn náà, màá wá "she" láàárín tàwọn ọmọkùnrin. Kò gba àkókò rárá.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ ní kíláàsì sì lè yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé òfin. Ẹ bi ọ́fíìsì léèrè èwo ni ẹ̀rọ máa fà.

Àǹtí Kíláàsì Kejì:
Bọ̀dá, ẹ má bínú o, mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí comment bank. Orí WhatsApp làwọn òbí wà, wọ́n ń fi ti ọmọ wọn wé ti ọmọ ẹlòmíràn. "A pleasure to teach" tó bá jáde lórí ọmọ mẹ́jọ, ta ló tún máa gbà á gbọ́? Ẹ fi bank kọ ohun tí gbogbo kíláàsì kọ́ lọ́dún yìí, kò burú. Ohun tí ọmọ yìí fúnra rẹ̀ lè ṣe báyìí, àti ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó mú lọ́kùn-únkúndùn tẹ̀ lé e, inú ìwé rẹ̀ ni ká ti lọ wò ó, ká sì fọwọ́ ara wa kọ ọ́.

Bọ̀dá Ìṣirò:
Àǹtí, ẹ̀yin ní ọgbọ̀n, èmi ní igba 😂. Mo máa ń fi gbólóhùn kan tó jẹ́ ti ọmọ náà nìkan sí i. Ibẹ̀ lagbára mi mọ.

Àǹtí Kíláàsì Kejì:
Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kó jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́, torí kì í ṣe gbogbo òbí ló ń ka èyí tó kẹ́yìn.

Ará Ontario:
Ẹ jẹ́ n dá sí i láti Canada. Kíláàsì kìíní dé ìkẹfà lọ́dọ̀ wa, lẹ́tà la fi ń fún wọn ní máàkì. Ìkeje àti ìkẹjọ, nọ́ńbà nínú ọgọ́rùn-ún. B, tó jẹ́ ìpele 3, ni òṣùwọ̀n tí ìjọba Ontario fẹ́ kí ọmọ dé. Tísà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè máa wo B bí ẹni pé ó fi ohun kan du ọmọ, á wá máa fi A ṣàánú. Ẹ ka ìtumọ̀ ohun tó wà nínú àkójọ tí ẹ̀rọ ń ṣí fún yín kí ẹ tó yan èyíkéyìí. Tí ẹ bá ti yan A fún ọmọ tí kò tíì dé ibẹ̀, ẹ̀yin àti tísà ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa jọ rù ú.

Ìyá Ìbejì:
Bó ṣe rí ní England náà nìyẹn. "Working at the expected standard" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ń ṣe dáadáa, kọ́mẹ́ǹtì yín sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Kì í ṣe kí máàkì sọ pé ó dé ibi tó yẹ, kí ọ̀rọ̀ ẹnu yín máa sọ pé ó kù díẹ̀ káàtó.

Tísà Tuntun:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹnì kan nílé-ìwé wa ní kí n kàn kó nóòtì mi sínú ChatGPT, pé ìṣẹ́jú kan ló máa fi kọ gbogbo rẹ̀. Ṣé ó dáa?

Akọ̀wé Dátà:
Ọ́fíìsì ilé-ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ n dáhùn èyí. Ẹ má gbé orúkọ ọmọ, àìsàn rẹ̀, ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lọ sórí irinṣẹ́ AI tí ilé-ìwé kò fọwọ́ sí. Yíyọ orúkọ kúrò nìkan kò tó, torí tí ọmọ kan ṣoṣo bá wà ní kíláàsì tó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ ti dárúkọ rẹ̀ náà nìyẹn. UK GDPR, òfin ààbò dátà ilẹ̀ UK, de ilé-ìwé, ó sì de ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún un. Láti March 2023 ni ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti gbé ọ̀rọ̀ jáde lórí irú AI báyìí, ààbò dátà sì wà lára ohun tí wọ́n tẹnu mọ́. Ẹ bi ọ̀gá yín èwo ni wọ́n fọwọ́ sí. Àwọn sọ́fítíwíà rípọ́ọ̀tì kan ti ní tiwọn nínú. Tí ẹ bá lò ó, ẹ ka gbogbo rẹ̀. Ó lè yin ọmọ fún iṣẹ́ tí ẹ kò fún un rí.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí. Àpótí nóòtì kéékèèké tí ẹ ń kọ nǹkan sí nínú sọ́fítíwíà, òbí lè bèèrè fún un. Tó bá jẹ́ maintained school (ilé-ìwé ìjọba tí ìjọba ìbílẹ̀ ń bójú tó), ọjọ́ ilé-ìwé 15 ni òfin fún wa láti gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ sílẹ̀ fún òbí. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ìyá ọmọ jókòó tì yín. Tí bàbá àti ìyá kò bá sì gbé pọ̀ mọ́, ẹ má fi rípọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni fúnra yín, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó. Ọ́fíìsì ló mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n Ọdún Kẹta:
Ìyá Ìbejì, èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ àwọn tísà tuntun lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n ti fi í sí September. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Ìyá Ìbejì:
September kẹ̀? Wọ́n máa ti gbàgbé kí ilé-ìwé tó gba ìsinmi àkọ́kọ́. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ṣí rípọ́ọ̀tì gan-an, kí oníkálukú kọ́ ọ lórí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ìwé máàkì nìkan ni kí ẹ fojú bà ní September, torí òun ni wọ́n máa ń kún káàkiri ọdún.

Lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, má gba mouse lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni, torí ó yá ju kéèyàn máa wo ẹni tó ń wá bọ́tìnnì kiri. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ló máa rántí. Ní kí ẹni tó ń bójú tó sọ́fítíwíà ṣe ọmọ àfarawé kan fún yín, tí kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n fi dánra wò: kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n fi í pamọ́, kí wọ́n jáde, kí wọ́n padà wọlé wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. Kí wọ́n tẹ "Complete" pẹ̀lú, kí wọ́n rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù bọ́tìnnì yẹn á kúrò lára wọn.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ti ọmọ mẹ́ta péré: ẹni tó ń ṣe dáadáa, ẹni tó wà láàárín, àti ẹni tí nǹkan ṣòro fún. Kí wọ́n dúró síbẹ̀ kí o kà á. Àṣìṣe tó wà nínú mẹ́ta yẹn ló máa wà nínú ọgbọ̀n, ó sì sàn kí o rí i nígbà tó ṣì kéré. Tí wọ́n bá jẹ́ ECT (tísà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England), wọ́n ní àkókò tó yẹ fún un: láti September 2021 ni wọ́n ti sọ àkókò ìtọ́sọ́nà wọn di ọdún méjì, ìdá 10 nínú 100 lára wákàtí ìkọ́ni ni wọ́n ń yọ fún wọn lọ́dún kìíní, ìdá 5 lọ́dún kejì, yàtọ̀ sí PPA, àkókò tí gbogbo tísà ní láti fi múra iṣẹ́ sílẹ̀ àti láti fi máàkì. Má jẹ́ kí wọ́n lò ó tán lórí nǹkan mìíràn lọ́sẹ̀ yẹn.

Ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé yín gan-an sí ojú ìwé kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ìlànà tí iléeṣẹ́ tó ṣe sọ́fítíwíà kọ máa ń gùn, ìdajì rẹ̀ ni kò sì sí nínú tiyín.

Tísà Tuntun:
Ó kù ẹyọ kan. Ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì mi, kò tíì pé oṣù kan. Kò ní máàkì kankan, ẹ̀rọ kò sì jẹ́ kí n fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo.

Akọ̀wé Dátà:
Má méfò. Bi ọ́fíìsì bóyá fáìlì CTF rẹ̀, èyí tí ilé-ìwé fi ń fi àkọsílẹ̀ ọmọ ránṣẹ́ síra wọn, ti dé láti ilé-ìwé tó ti wá. Máàkì ibẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, àmọ́ ti ibẹ̀ ni, kì í ṣe tìrẹ. Wo àkójọ náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní àmì kan níbẹ̀ fún ọmọ tí a kò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀ tó láti dájọ́. Tí kò bá sí nínú tiyín, ní kí ẹni tó ń bójú tó o fi kún un, iṣẹ́ kékeré ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú kọ́mẹ́ǹtì, kọ ọjọ́ tó dé, bó ṣe ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, àti iṣẹ́ tí o ti fojú ara rẹ rí.

Ìyá Ìbejì:
Kí o sì ṣí preview rẹ̀ lórí fóònù kí o tó tẹ "Complete", torí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa kà á. Ibẹ̀ ni o ti máa rí i tí gbólóhùn tó kẹ́yìn bá já sí méjì.