Ọwọ́ ni mo fi gbá góòlù yẹn wọlé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Kubwa l'Ábùjá ni mo ń gbé, a sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù láràárọ̀ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa àtàwọn ará Nyanya gbá a nítorí ewúrẹ́. Ó ku ìṣẹ́jú méjì, ẹnì kan nínú wa gbá kọ́nà, mo fò, bọ́ọ̀lù bà mí lọ́wọ́ òsì, ó wọ àwọ̀n. Eruku ọyẹ́ bo pápá, rẹfirí ò rí i. Kípà wọn, ọmọ Hausa kan, kò bá mi jà. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó mi orí.

A ti jẹ ewúrẹ́ náà tán (mo jẹ ẹ́ yó, kí n má parọ́). Ṣùgbọ́n ní 2012, Klose, agbábọ́ọ̀lù ará Jámánì, fẹnu ara rẹ̀ sọ fún rẹfirí pé ọwọ́ lòun fi gbá a wọlé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Lazio, ń bá Napoli gbá ní Ítálì. Wọ́n fagi lé góòlù náà, Napoli sì nà wọ́n 3-0. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ tirẹ̀ nìyẹn o!

Bọ̀dá tó jẹ́ kápútéènì wa ní tí mo bá là á, kí n má wá sí pápá mọ́. Ṣé kí n lọ bá kípà yẹn ní kọ̀rọ̀ ni, àbí kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn? Ta ni yóò wá san ewúrẹ́?