Kúákì mẹ́ta inú prótọ́ọ̀nù, ìwọ̀n wọn ò pé o

Tíṣà_Ìgbó: Ẹ kú iṣẹ́ o. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn SS3 n'Íjẹ̀bú-Igbó. Lánàá mo ní kúákì mẹ́ta (àwọn kóró tín-ín-tín) ló wà nínú prótọ́ọ̀nù tó wà láàárín átọ́ọ̀mù, irú tí wọ́n ń pè ní up méjì, irú tí wọ́n ń pè ní down kan, ọmọbìnrin kan bá fa fóònù yọ (ṣebí wọn ò gbọdọ̀ mú u wá síléèwé), ó ní "Sà, up kan ò ju bíi 2.2 MeV lọ, down bíi 4.7, prótọ́ọ̀nù sì jẹ́ 938. Ibo ni ìyókù wà?" (MeV ni wọ́n fi ń wọn ìwọ̀n irú nǹkan tín-ín-tín bẹ́ẹ̀.) Mo ní kí wọ́n lọ fi ṣe àṣetiléwá, àmọ́ èmi gan-an ni mò ń ṣe é látàná. Ẹ gbà mí.

Ọmọ_Gàrí: Ẹni tó bá ta àpò gàrí 100 kílò fún yín tẹ́ ẹ bá kílò kan péré nínú ẹ̀, ẹ mọ orúkọ ẹ̀ 😂

Ará_Àgọ́Ìwòyè: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yẹn gbọ́n o. Ẹ rántí Ojúde Ọba. Téèyàn bá dúró lókèèrè, ẹṣin mẹ́ta ló máa rí, ìyókù eruku. Ẹ wá sún mọ́ ọn, ẹ̀ẹ́ rí i pé inú eruku yẹn ni onílù wà, àwọn tó ń yìnbọn, ọmọdé tó ń sá sókè sódò, ẹni tó di ìjánu ẹṣin mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni prótọ́ọ̀nù: gluon ló so kúákì mẹ́ta yẹn pọ̀, òun náà ń bí kúákì àti antikúákì (òdì kejì kúákì), wọ́n á tún pa ara wọn rẹ́. Eré tí gbogbo wọn ń sá àti agbára tó dè wọ́n, òun ni ìwọ̀n tẹ́ ẹ̀ ń wá. 1968 ni wọ́n ti yin ẹlẹ́kítíróọ̀nù lu prótọ́ọ̀nù ní ilé ìwádìí SLAC l'Amẹ́ríkà, ó ń ta padà bí ẹni pé ó kọ lu kóró nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ HERA ní Hamburg, ní Jámánì, lù ú títí di 2007, bí wọ́n ṣe ń wò ó fínnífínní sí i ni gluon ń pọ̀ sí i.

Tíṣà_Ìgbó: Ta ló wá kà wọ́n? Mo rí "PDF" níbì kan, mo rò pé fáìlì ni 😅

Ará_Àgọ́Ìwòyè: Fáìlì kọ́ jàre! "Parton distribution function" ni, òun ló ń sọ ìdá tí kúákì tàbí gluon kan ń gbé nínú eré prótọ́ọ̀nù. Gluon nìkan gbé bí ìdajì. Wọ́n á kọ́kọ́ méfò bó ṣe rí ní énájì kékeré, ìṣirò DGLAP á gbé e dé énájì ńlá, wọ́n á fi wé dátà HERA àti ti LHC (ẹ̀rọ tó ń gbá prótọ́ọ̀nù lu ara wọn), tí ò bá bára mu wọ́n á tún un gé bíi télọ̀ tó ń dín bùbá. Àwọn olùṣèwádìí NNPDF tiẹ̀ gbé gígé yẹn fún neural network, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ nǹkan láti inú dátà.

Ìyá_Ṣàgámù: Ẹ má jẹ́ kọ́mọ náà lọ kọ "àìmọye" sínú WAEC o. Tẹ́ ẹ bá yọ antikúákì kúrò lára kúákì, up méjì àti down kan náà ló máa kù. Mẹ́ta ni kó kọ.

Tíṣà_Ìgbó: Ẹ ṣé gan-an. Mo sọ tẹṣin fún wọn láàárọ̀ yìí. Ọmọbìnrin yẹn ní "Sà, eruku yẹn nìkan ló wá jẹ́ 929?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, jókòó, gbé fóònù yẹn wá.