Kí ló ń mú kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù kan gbayì ju èkejì lọ lórí tẹlifíṣọ̀n?

Ojú_Pápá: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nínú bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi la máa ń yìn. Gọ́ọ̀fù ńkọ́, níbi tí èèyàn ti ń rìn ju bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lọ? Ṣé ẹni tó ti gbá a rí ló dáa jù, àbí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ?

Abẹ́_Igi: Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó panu mọ́ ni. Níbi ìdíje gọ́ọ̀fù Masters lọ́dún 1986, agbágọ́ọ̀fù Jack Nicklaus, ẹni ọdún 46, ń ta bọ́ọ̀lù sí ihò 17. Bó ṣe ń wọlé, "Yes, sir!" ("Bẹ́ẹ̀ ni, sà!") péré ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Verne Lundquist sọ, ló bá fi ìyókù sílẹ̀ fún ariwo èrò. Àwòrán ti sọ tiẹ̀, kí lèèyàn tún fẹ́ fi kún un?

Koríko_Gígùn: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹnu dídákẹ́ nìkan ò tó. Kó sọ ohun tí kámẹ́rà ò lè fi hàn: bí bọ́ọ̀lù ṣe jókòó, iye yáàdì tó kù, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, igi gọ́ọ̀fù tí wọ́n yọ láti fi gbá a. Tí bọ́ọ̀lù bá wà nínú koríko gígùn, koríko á há sáàárín ojú igi àti bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ò ní yí sẹ́yìn tó bó ṣe yẹ. Á fò kọjá ibi tí wọ́n rò, tó bá sì balẹ̀, kò ní dúró bọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó gbá a ló yẹ ká ti gbọ́ èyí. Lẹ́yìn tó ti kọjá gíríìnì, ìyẹn ibi koríko kúkurú tí ihò wà, àwáwí ni.

Ibẹ̀ ni ẹni tó ti gbá a rí ti wúlò. Johnny Miller gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 63 péré lọ́jọ́ ìkẹyìn ìdíje gọ́ọ̀fù US Open 1973 ní pápá Oakmont, ìyẹn ló ṣe lẹ́nu, nígbà tó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, láti sọ ọ́ lójú àwọn agbágọ́ọ̀fù lórí tẹlifíṣọ̀n NBC pé ìbẹ̀rù ló bá wọn. Àwọn kan nínú wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Èmi fara mọ́ ọn. Akọ̀ròyìn ni Henry Longhurst ti BBC ní tiẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló sì sọ ọ́ di ńlá.

Ojú_Pápá: Ẹ ṣeun. Kí ló wá máa ń bà á jẹ́ jù?

Abẹ́_Igi: "Ó ti wọlé!" kó tó wọlé. Kámẹ́rà tó wà lókèèrè máa ń tẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹni tó ń wo ẹ̀rọ nìkan ò ní mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ṣì máa yà. Kó bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lórí pápá. Òun náà, tó ń rìn tẹ̀ lé wọn, kó rọra sọ̀rọ̀, kó sì dákẹ́ pátá tí ẹni tó fẹ́ gbá a bá ti dúró ti bọ́ọ̀lù.