Béárì lẹ́nu ọ̀nà, eku nínú ògiri: ìjíròrò àwa ọmọ Àkúrẹ́ tó ń gbé lókè òkun

Ọmọ Ìjọ̀kà, Vermont:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ó ti di oṣù mẹ́jọ tí èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú ọmọ wa méjì ti kó lọ sí ilé onípákó kan láàrin igbó, níbi tí ilé aládùúgbò tó sún mọ́ wa jù lọ ti tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, àfi pé àwọn ẹranko kò jẹ́ kí a sinmi. Àdán kan wọ yàrá òkè nígbà ooru, àwọn eku sì ti ń sáré nínú ògiri láti oṣù Kẹsàn-án tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà wá kọjá àwàdà. Ìyàwó mi sá ẹja àrọ̀ yíyan sórí pèpéle onípákó tó wà lẹ́yìn ilé, bí a ti máa ń ṣe é nílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá asẹ́ tó fi bo ẹja náà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ti ká kò bí ìwé, ẹyọ ẹja kan kò ṣẹ́ kù, ipa èékánná márùn-ún sì wà lára ilẹ̀kùn dígí, níbi tó ga tó èjìká mi. Béárì ni, irú èyí tí a máa ń kà nínú ìtàn Dáfídì. Mo ti ra káńfọ̀ tí mo fẹ́ dà sí òkè àjà, ẹnì kan sì ti ṣèlérí láti fi òtapiápiá ránṣẹ́ sí mi láti ilé. Kí ni ẹ rí sí i?

Ọmọ Ìdànrè, Maine:
Ẹ kú ewu, ẹ sì kú àdánù ẹja. Ìyàwó yín kò ṣe ohun tí èyí tó pọ̀ nínú wa kò tíì ṣe rí. Imú béárì mú ju ti ajá lọ, àsìkò tí ewé ń wọ́ yìí gan-an ni ó sì máa ń jẹun tọ̀sán-tòru kí ó lè sanra de oorun gígùn ìgbà òtútù. Ibi tó bá ti rí oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan, yóò tún padà síbẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tó ń rùn kò gbọ́dọ̀ sun ìta: ìbáà ṣe ike pàǹtírí, oúnjẹ ajá, tàbí ọkà tí ẹ fi ń bọ́ ẹyẹ. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ pàǹtírí máa dé ni kí ẹ gbé ike síta, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ jó ọ̀rá ara irin tí ẹ fi ń sun ẹran dànù.

Bí ẹ bá sì gbé fíríìsà sí gáréèjì, ẹ máa ti ilẹ̀kùn. Èmi fi tèmi sílẹ̀ ní ṣíṣí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ra fíríìsà tuntun. Béárì náà tú ike irú kalẹ̀, kò fẹnu kàn án, ṣùgbọ́n kò fi pọ̀nmọ́ kankan sílẹ̀ fún wa.

Bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, ẹ má sá, ẹ má sì gun igi, nítorí ó mọ igi í gùn jù yín lọ. Ẹ na ọwọ́ sókè kí ẹ lè rí gbàǹgbà, ẹ fi ohùn tó dúró bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀.

Ní ti káńfọ̀, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí a lò ó fún iṣẹ́ tí wọn kò kọ sára páálí rẹ̀. Èéfín rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ bá àwọn ọmọ, eku yóò sì kàn kó lọ sí igun mìíràn ni. Ẹ má sì jẹ́ kí òtapiápiá wọ àpótí ẹnikẹ́ni. Oògùn eku tí wọ́n ń tà níbí pàápàá, eku tó bá jẹ ẹ́ lè kú sínú ògiri níbi tí ọwọ́ kò ti lè tó o, òwìwí tó bá sì gbé e jẹ á fara gbá. Mo mọ̀ pé kò sí ọmọ Yorùbá tí inú rẹ̀ ń dùn sí òwìwí, ṣùgbọ́n òun ló ń bá yín pa eku lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé, Ontario:
Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀rọ̀ eku ni mo sì fẹ́ dá sí. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ fún wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó nítorí ibà Lásà, pé kí a má sá gàrí sí ẹ̀bá títì, kí a sì máa dé oúnjẹ, nítorí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku. Eku igbó ìhín tí ikùn rẹ̀ funfun ní àrùn tirẹ̀, hantavirus, tí wọ́n dá mọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1993. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ó ń pa nǹkan bí ẹni 4 nínú 10. Inú eruku ìgbẹ́ rẹ̀ ni a ti ń mí in símú. Nítorí náà, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 9, ẹ dà á lé e lórí kí ó rin gbingbin fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó fi bébà nù ún.

Àdán yẹn ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ń sùn nínú yàrá náà? Eyín rẹ̀ kéré débi pé ó lè géni jẹ kí a má mọ̀, àrùn dìgbòlugi tí àdán lè kó ranni kì í sì í gbóògùn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti hàn. Bí òmíràn bá wọlé bá ẹni tó ń sùn, ẹ fi agolo dé e mọ́ ògiri, ẹ ki páálí sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fọ́ orí rẹ̀, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò.

Ọmọ Ìjọ̀kà, Vermont:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Yàrá òkè ṣófo lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì. Mo ti kó káńfọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀gbọ́n àgbà, Àkúrẹ́:
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo lò ní Minnesota kí n tó padà wálé. Ojú ọ̀nà Ìdànrè ni mo ń gbé báyìí, níbi tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń bá mi pín kòkó. Àbúrò mi, o kò lè pa eku tán, ihò ni kí o dí. Ihò tí pẹ́ńsù bá ti lè wọ̀, ọmọ eku á wọ̀ ọ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, pa gbogbo iná, kí ìyàwó rẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ògiri láti inú ilé, kí ìwọ dúró síta. Ibi tí o bá ti rí ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀nà wọn. Ki kànìnkànìn onírin bọ̀ ọ́ kí o tó lẹ̀ ẹ́, nítorí eyín eku kò ràn án. Lẹ́yìn náà, dẹ pàkúté sí ẹ̀bá ògiri, nítorí ẹ̀bá ògiri ni eku ń gbà. Ẹ̀pà lílọ tó kéré bí orí ìṣáná ti tó fún ìdẹ.

Má tíì fọwọ́ kan ihò òkè àjà o. Àwọn àdán mìíràn lè ti sùn síbẹ̀ de òtútù. Fi í sílẹ̀ di oṣù Kẹrin, kí o sì dí i kí wọ́n tó bímọ ní oṣù Kẹfà, nítorí bí o bá dí ọ̀nà mọ́ ọmọ tí kò tíì lè fò, inú ilé rẹ ni yóò kú sí.

Ọmọ Ìjọ̀kà, Vermont:
Ẹ ṣé, sà. A ṣe é lálẹ́ àná. Ojú méje ni ìmọ́lẹ̀ ti yọ, èyí tó tóbi jù sì wà níbi tí páìpù omi ti wọ ilé ìdáná. Inú ófùn ni ẹja ń gbẹ báyìí. Ìyàwó mi ní kí n tún bi ẹ̀gbọ́n wa ní Maine léèrè bóyá lóòótọ́ ni béárì kò fẹnu kan irú, nítorí pé ike mẹ́rin ló wà ní gáréèjì.